Ẹ̀jẹ̀ Ríru Kì Í Ṣe Àìsàn Àgbàlagbà Nìkan: Àwọn Àṣà Ojoojúmọ́ Tó Lè Dáàbò Bo Ẹ̀yin Ọ̀dọ́

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ lọ sí poli. Kò sanra, kì í mu sìgá, ó sì máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní àràárọ̀ Sátidé. Ọmọ ọdún 38 ni nígbà tó ṣubú sí balùwẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò gbéra mọ́. Àwọn ará àdúgbò ní ayé ló ṣe é. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó sì jọ pé ó ti pẹ́ lára rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò rí, kódà lẹ́ẹ̀kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ kí ẹ lè tètè wọ bọ́ọ̀sì, tí ẹ ń jẹun níbi iṣẹ́, tí ó sì jẹ́ pé ìgbà tí fóònù bá já bọ́ lọ́wọ́ yín lẹ tó ń sùn.

Kí ló ń jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru gan-an?

Ọkàn wa dà bí ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga sínú táńkì. Òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri gbogbo ara. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fi agbára tó pọ̀ jù ti ara iṣan nígbà gbogbo, òun là ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n fún yín, nọ́ńbà méjì ni wọ́n máa kọ. Ti òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ ní nígbà tí ọkàn bá fún un jáde. Ti ìsàlẹ̀ ni èyí tó kù nígbà tí ọkàn bá sinmi díẹ̀ kó tó tún lù. Tí kò bá tó 120/80, ó dáa. Tí ti òkè bá tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90, tó sì rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ti dé nìyẹn. Ẹni tí tiẹ̀ bá wà láàárín, ìkìlọ̀ ni fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú ni pé àìsàn yìí kì í pariwo. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé orí fífọ́ tàbí òòyì ló máa kọ́kọ́ sọ fún àwọn. Rárá o. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní i ni kì í mọ nǹkan kan lára. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ọkàn, ojú, kíndìnrín àti ọpọlọ ló ń bà jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó bá fojú hàn, ó lè ti di rọpárọsẹ̀.

A lè jogún rẹ̀. Tí bàbá tàbí ìyá yín bá ní i, kí ẹ̀yin tètè máa ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń ṣe lójoojúmọ́ náà ní ọwọ́ tó pọ̀ nínú ẹ̀, ibẹ̀ la sì ti lágbára.

1. Ẹ ṣọ́ iyọ̀, ẹ ṣọ́ mágí

Iyọ̀ máa ń fa omi mọ́ra. Tó bá pọ̀ lára, omi inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, iṣẹ́ ọkàn á sì le. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ tó ṣíbí tíì kan. Gbogbo oúnjẹ ọjọ́ náà ló wà fún o, kì í ṣe ọbẹ̀ nìkan.

Ẹ lè ní, "Èmi kì í jẹ iyọ̀ púpọ̀." Mágí ńkọ́? Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Èlò inú ọ̀rá kékeré tó máa ń bá ńúdù wá ńkọ́? Iyọ̀ náà ni. Búrẹ́dì, ẹja inú agolo àti sùyà, gbogbo wọn ló ní tiwọn.

Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá ń fi mágí mẹ́rin se ọbẹ̀, ẹ fi méjì sè é, kí ẹ má sì tún bu iyọ̀ lé e. Ẹ lo ìdajì èlò ńúdù, kí ẹ da ìyókù nù. Ẹ gbé iyọ̀ kúrò lórí tábìlì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ahọ́n á ti bá a lára mu. Ata, àlùbọ́sà, aáyù, atalẹ̀ àti ẹfinrin máa ń mú ọbẹ̀ dùn láìsí ewu. Irú náà dáa, ṣùgbọ́n ẹ tọ́ ọ wò, torí àwọn kan máa ń fi iyọ̀ sí i.

2. Ẹ fi ẹ̀fọ́ àti èso kún un

WHO ní kí èèyàn máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso tó tó gíráàmù 400, ó kéré tán, lójúmọ́. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní potassium, tó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọsàn, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, máa ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti ti iyọ̀ jáde. (Ẹni tó bá ti ní àìsàn kíndìnrín, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.) Mo mọ̀ pé ọjà ti gbówó lórí. Ẹ fi owó mínírà ọ̀sán ra ọsàn, ibẹ̀ lẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

3. Ẹ rìn

Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ní kí àgbàlagbà fi ṣe eré ìdárayá, ó kéré tán. Tí ẹ bá pín in, ìṣẹ́jú 30 ni lójúmọ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Kò dìgbà tí ẹ bá sanwó jíìmù. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú dánfó ní bọ́sítọ́ọ̀bù kan ṣáájú tiyín, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rin ìyókù kíákíá. Tí àdúgbò yín kò bá fọkàn balẹ̀ ní ìdájí tàbí lálẹ́, ẹ fo okùn nínú ilé.

4. Oorun, ọtí àti sìgá

Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje, ó kéré tán. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lè gba méjì nínú ẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ má jẹ́ kí fóònù tún gba méjì sí i. Ẹ gbé e jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì. Ọtí àmujù máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, pàrágà àti àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ náà sì wà lára ọtí. Sìgá ní tiẹ̀ ń ba iṣan jẹ́ ni, kò sí ìwọ̀n tó dáa nínú ẹ̀.

5. Ẹ yé lo oògùn ara ríro bí ẹ̀pà

Oògùn bíi ibuprofen àti diclofenac, tí ọ̀pọ̀ ń rà ní kẹ́mísì lẹ́yìn iṣẹ́, lè gbé ẹ̀jẹ̀ sókè kó sì ṣe kíndìnrín ní jàǹbá tí a bá ń lò ó lemọ́lemọ́. Ẹ̀yin tí dókítà ti kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún, ẹ má torí pé nọ́ńbà ti wálẹ̀ kí ẹ dáwọ́ dúró. Oògùn yẹn ló mú un wálẹ̀.

6. Ẹ yẹ ara yín wò

Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ní àdúgbò yín. Irú ìtọ́jú tó sún mọ́ ará ìlú báyìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jà fún nígbà tó di mínísítà ìlera ní 1985.

Kí nọ́ńbà tí wọ́n máa kọ tó lè jẹ́ òótọ́:
- Ẹ má mu kọfí tàbí sìgá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ṣáájú.
- Ẹ kọ́kọ́ tọ̀.
- Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.
- Ẹ gbé apá lé tábìlì, kó wà ní déédéé àyà, ẹ má sì sọ̀rọ̀.

Tó bá di pàjáwìrì

Tí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan kò gbéra, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má fún un ní omi, torí ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá, ara ọpọlọ ló ń kú.

Ọ̀rẹ́ mi ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Ó ti ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀, kò sì sí àlejò tó máa wọlé tọ̀ ọ́ tí kò ní ní kó na apá. Èmi náà ti na tèmi. Ẹ̀yin ńkọ́, ìgbà wo lẹ yẹ tiyín wò gbẹ̀yìn?