IGBÓ Ọ̀ṢUN ÀTI ORÚKỌ ÌLÚ WA

Àwọn ọmọ ilé-ìwé a máa bi wá léèrè ohun tí orúkọ ìlú wa túmọ̀ sí. Bí a bá ti dáhùn tán, ìbéèrè kejì a tẹ̀lé e: kí ni ìdí tí a kò fi ṣán igbó Ọ̀ṣun, kí a sì fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́lé? Ìdáhùn kan náà ni ìbéèrè méjèèjì ní.

Ìtàn tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ sọ pé ọ̀dá ni ó lé Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kúrò ní Ìpólé, tí wọ́n fi wá tẹ̀dó sí etí odò Ọ̀ṣun. Bí wọ́n ti ń ṣán igbó, wọ́n gé igi ńlá kan, igi náà sì wó lu odò. Ni ohùn kan bá ké láti inú omi pé àwọn oṣó inú igbó ti fọ́ ìkòkò aró òun. Láti inú “oṣó igbó” yìí ni orúkọ Òṣogbo ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó dáadáa: ẹ̀sùn ni orúkọ ìlú wa. Ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó ké sí àlejò pé ó ti ba nǹkan òun jẹ́. Àwọn baba wa kò bá a jiyàn. Wọ́n bá Ọ̀ṣun dá májẹ̀mú. Nígbà tí ó sì yá, wọ́n kó ìlú lọ sí orí ilẹ̀ gíga. Ó di èèwọ̀ láti ṣọdẹ, láti pẹja, láti gé igi tàbí láti dáko nínú igbó náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé èyí fà wá sẹ́yìn. Ní 1907 rélùwéè dé Òṣogbo, òwò sì gbilẹ̀. Ariwo wà ní ìgboro, ìdákẹ́jẹ́ wà nínú igbó. Ọ̀kan kò pa èkejì lára.

Ṣùgbọ́n láàárín 1950 sí 1960, májẹ̀mú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dà. Ẹ̀ka ìjọba tí ó ń mójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó gba apá kan ibẹ̀ láti fi dán ọ̀gbìn wò. A gé igi lulẹ̀. Ọdẹ àti apẹja wọlé. Àwọn olè jí ère kó. Àwọn tí ń ṣòwò ilẹ̀ sì tẹjú mọ́ ibẹ̀. Àwọn ará ìlú pàápàá ti ń fi ojúṣe wọn sílẹ̀.

Àwọn tí ó dìde kò pọ̀. Àwọn olórìṣà Ọ̀ṣun wà níbẹ̀, Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, sì wà pẹ̀lú wọn. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú wa ni wọ́n bá a ṣiṣẹ́: Adébísí Àkànjí tí í ṣe bíríkìlà, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tí ń gbẹ́ òkúta, Kàsálì Àkàngbé tí ń gbẹ́ igi, àti àwọn mìíràn. Wọ́n tún àwọn ojúbọ ṣe, wọ́n sì mọ ère ńláńlá sáàárín igi. Ère wọnnì ju ẹwà lọ. Ibi tí ère bá dúró sí, ta ni yóò sọ pé ilẹ̀ náà kò ní olúwa?

Ní 1965 ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 1992 a fẹ̀ ẹ́ dé hẹ́kítà 75. Ní 2005 UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún gbogbo ayé. Irú ewéko tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 400, èyí tí a sì ń fi ṣe oògùn nínú wọn lé ní 200. Nítorí náà, onígbàgbọ́, mùsùlùmí àti olórìṣà, gbogbo wa ni a ni ín.

Àmọ́ ọgbà kò lè dá odò dúró. Àwọn tí ń wa wúrà ní òkè odò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi Ọ̀ṣun di pípọ́n bí ẹrẹ̀. Ní 2022, bí ọdún Ọ̀ṣun ti ń súnmọ́lé, ìjọba ìpínlẹ̀ wa ní láti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu omi náà. Ní ayé Láròóyè, igi wó, gbogbo ènìyàn sì gbọ́ ariwo. Ìbàjẹ́ ti òde òní kò pariwo. Omi ni ó kàn ń yí àwọ̀ padà.

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Ìpólé wà, ibẹ̀ sì ni Láròóyè ti wá. Ẹbí wa ni wọ́n. Kí ẹgbẹ́ wa rán aṣojú sí wọn, kí a sì kọ̀wé sí ìjọba pẹ̀lú ohùn kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ bá wa sọ ọ́ níbi tí ẹ wà; ní Brazil àti ní Cuba, àwọn ènìyàn ṣì ń pe orúkọ Ọ̀ṣun.

Ìlọsíwájú ni a fi ń pe ẹgbẹ́ wa. Àwọn baba wa ti fi hàn wá pé ìlú lè lọ síwájú nípa mímọ ibi tí yóò ti fà sẹ́yìn. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a fọ́ ìkòkò aró náà lẹ́ẹ̀kejì. Àṣẹ.