Iná Wà Lára Ewé

Àwọn àgbà ní ewé ń jẹ́. Oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Ẹnu àwọn oníṣègùn ni òwe yìí wọ́pọ̀ sí jù, kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí òwe tó ń gbèjà iṣẹ́ ẹni ni. Bí aláìsàn bá padà wá pé ara òun kò tíì yá, baba oníṣègùn kò ní gbà pé irọ́ ni ewé. Yóò ní ó ku ẹyọ kan tí a kò já sí i. Ìtàn Ọ̀sanyìn náà dá lórí ìgbàgbọ́ kan náà. Wọ́n ní Ọ̀rúnmìlà rán an pé kó lọ ro oko. Ó dé oko, ọkọ́ kọ̀ kò balẹ̀, nítorí kò sí èyí tó fẹ́ gé tí kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe: eléyìí ń wo ibà, tọ̀hún ń wo ẹ̀fọ́rí, èyí tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dá inú rírun dúró. Ilẹ̀ ṣú, oko wà bó ṣe wà.

Bí a ṣe ń lo òwe náà nínú ilé lóde òní ló ń kọ mí lóminú. A ti gbọ́ pé "kò pé", a wá ń kó gbogbo ọjà sínú ìkòkò kan: atalẹ̀, aáyù, kànáfùrù, ewé tíì, efinrin, ewé gúrófà, èèpo ọ̀pẹ òyìnbó, osàn wẹ́wẹ́. A gbé e kaná láàárọ̀, ó ń hó kùtùkùtù títí omi fi dúdú bí àdín, a wá ń bu ún fún tọmọdé tàgbà pé tíì ìlera ni. Èmi kò gbà pé ohun tí àwọn àgbà ní lọ́kàn nìyẹn. Ohun tó ń kù kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ewé. Ó lè jẹ́ iná tó pọ̀ jù ni, ó lè jẹ́ ọmọrí tí a kò dé, ó sì lè jẹ́ pé a kò ní sùúrù.

Ilẹ̀ Ṣáínà ni ẹ̀rí tó lágbára jù lórí èyí ti wá. Ní 1969, wọ́n fi obìnrin onímọ̀ oògùn kan, Tu Youyou, ṣe olórí àwọn tó ń wá oògùn ibà nínú ìwé ìṣègùn àtijọ́ ní Beijing. Ọ̀kan nínú ewé tí wọ́n dán wò ni qinghao. Ó ń ṣe ségesège: ó jẹ́ lónìí, kò jẹ́ lọ́la. Ẹlòmíràn ì bá ti wá ewé mìíràn kún un. Ṣùgbọ́n Tu Youyou padà sínú ìwé Ge Hong, oníṣègùn kan tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrin, ó wá ṣàkíyèsí pé Ge Hong kò mẹ́nu ba iná rárá. Ẹ̀kúnwọ́ qinghao kan ni kí wọ́n rẹ sómi, kí wọ́n fún un, kí aláìsàn mu omi tó bá jáde. Àṣé iná ló ń ba oògùn jẹ́. Ó lo ether, ohun olómi tó ń hó ní nǹkan bíi 35°C péré, láti fi fa agbára inú ewé náà jáde, nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá ọdún 1971, kò sí ọ̀kan nínú àwọn eku tí wọ́n dán an wò lára wọn tí kò bọ́ lọ́wọ́ ibà. Bí wọ́n ṣe rí artemisinin nìyẹn, ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe oògùn ibà tí à ń rà ní kẹ́míìsì lónìí. Wọ́n fún obìnrin náà ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ewé pé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni kò pé.

Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí máa fi tíì wo ibà o. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba ní 2019 pé àwọn kò fọwọ́ sí fífi ewé artemisia, ìyẹn qinghao náà, lásán wo ibà, lára ìdí rẹ̀ ni pé oògùn inú rẹ̀ kéré, kì í sì í dọ́gba. Tíì tí à ń sọ níbí, ti ara líle ni, ti kí inú fúyẹ́, ti kí ọ̀fun balẹ̀ nígbà ọyẹ́.

Àwọn ìyá wa kò nílò ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ Beijing lórí ọ̀rọ̀ yìí ṣá. Ẹ lọ bá eléwé ọmọ ní ọjà Bódè n'Ìbàdàn. Kó tó gba owó lọ́wọ́ yín ni yóò ti bèèrè ẹni tó fẹ́ mu ún, bóyá ọmọ ọwọ́ ni tàbí aláboyún, yóò sì sọ èyí tí ẹ máa gbo ní tútù, èyí tí ẹ máa sè, àti èyí tí ẹ máa rẹ sínú omidùn. Efinrin tí wọ́n fẹ́ fi dá inú rírun dúró, gbígbo ni wọ́n ń gbo ó, wọ́n á fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Kò rí iná. Egbò àti èèpo igi ni wọ́n ń sè títí, torí pé ara wọn le. Àwa tí a kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò kan náà, fún iye wákàtí kan náà, la sọ ìmọ̀ náà nù.

Ẹ wo ewé tíì, tí àwọn kan ń pè ní koríko ọba. Òórùn rẹ̀ tó jọ ti osàn wẹ́wẹ́ ni gbogbo ẹwà rẹ̀, inú òróró kan tó máa ń bá ooru lọ ni òórùn náà sì wà. Bí àdúgbò bá ti ń gbóòórùn tíì yín, a jẹ́ pé àdúgbò ló ń mu ún. Ẹ jẹ́ kí omi hó lọ́tọ̀. Ẹ gé ewé náà ní gígùn ìka, ẹ fi ọmọ ọlọ tẹ ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ́, kí ẹ da omi náà lé e lórí, kí ẹ sì dé e pa fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí ẹ bá ṣí i, ẹ óò rí omi tó kán sára ọmọrí. Ẹ má gbọ̀n ọ́n dànù; ẹ dà á padà sínú ife, torí pé òórùn tó fẹ́ sá lọ ló wà níbẹ̀.

Ilẹ̀ Éṣíà ni koríko yìí ti wá, ó sì ti tàn ká ayé. Ní Brazil, capim-santo ló ń jẹ́, ní Kúbà, caña santa. Àwọn méjèèjì ló kà á sí koríko mímọ́. Àwọn ará Brazil gbà pé ó ń múni sùn, ó sì ń fọkàn ẹni balẹ̀. Ní 1986, àwọn onímọ̀ oògùn níbẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe lára ènìyàn jáde: wọn kò rí i pé ó ń múni sùn, wọn kò sì rí ibi tó ti ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Èmi ń mu ún lálẹ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ ti ife gbígbóná kan ti ń sinmi ná, kò dìgbà tí ewé bá bá a dá sí i.

Atalẹ̀ ní tirẹ̀ kò bẹ̀rù iná. Èyí tó ń ta nínú rẹ̀ ní tútù ń jẹ́ gingerol; bí wọ́n bá sá a gbẹ tàbí tó pẹ́ lórí iná, díẹ̀ nínú rẹ̀ á yí padà di shogaol, tó tún ta jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí atalẹ̀ gbígbẹ fi ń ta ju tútù lọ. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kò pọn dandan kí ẹ bó o. Ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ẹ dín iná kù, kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èèrù kan tí ẹ fọ́ sí méjì lè bá a wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀. Kànáfùrù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó, torí bó bá pọ̀, ahọ́n á kú tipiri. Eugenol inú rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn eyín ń lò fún eyín dídùn. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ pé atalẹ̀ ń ṣe, èébì tó ń gbéni ni ẹ̀rí rẹ̀ fìdí múlẹ̀ jù, pàápàá ti aboyún. Owó rẹ̀ lọ́jà kò ṣeé sọ nígbà tí àrùn kọlu oko atalẹ̀ ní gúúsù Kàdúná ní 2023, bẹ́ẹ̀ a sì ń kó ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ sínú ìkòkò kan.

Ìṣápá pupa, tí a ń pè ní sóbò, ló ṣòroó gbọ́ yé jù, torí pé ẹnu wa ti mọ́ ọn bí ohun mímu òde àríyá. Ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀kan péré kí yanrìn kúrò. Bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́ lọ, àwọ̀ rẹ̀ lẹ̀ ń dànù. Omi gbígbóná ni kí ẹ dà sí i, nínú abọ́ tánganran tàbí ìkòkò irin tí kì í dípẹtà, torí kíkan rẹ̀ máa ń jẹ ìkòkò alumíníọ̀mù. Kíkan yìí náà ló mú un pupa. Ẹ ju kóún díẹ̀ sínú ife kan kí ẹ wò ó: yóò di aláwọ̀ aró lójú yín.

Ó sì lágbára. Ní Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àgbàlagbà 65 tí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti ń gòkè ní ife mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: àwọn kan mu ìṣápá, àwọn yòókù mu omi tí wọ́n ṣe kó jọ ọ́. Ìwé ìròyìn tí wọ́n gbé e jáde sí ní 2010 sọ pé òkè ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru fi bíi 7 sọ̀ kalẹ̀ lára àwọn tó mu ìṣápá, ó sì fi bíi 1 péré sọ̀ kalẹ̀ lára àwọn tó kù. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ máa mu ún lójoojúmọ́ láìsọ fún dókítà rẹ̀. Ti Sudan tún wà níbẹ̀. Ní 1994, àwọn olùwádìí fi hàn pé bí ènìyàn bá fi omi ìṣápá, tí wọ́n ń pè ní karkade lọ́hùn-ún, gbé chloroquine mì, oògùn tó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ máa ń dín kù gan-an. Ẹni tó fi ìṣápá kún oògùn ibà rẹ̀ kí ó lè pé ló dín in kù yẹn. Bákan náà ni ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọ́dọ̀ máa da atalẹ̀ àti aáyù mu lọ́pọ̀lọpọ̀, torí ẹ̀jẹ̀ lè kọ̀ láti dá. Oyin tí a sì fi ń mú gbogbo rẹ̀ dùn kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.

Ewé tíì nìkan ni kò sí ìdí láti máa rà á lọ́jà. Ẹ wá èyí tí ìdí rẹ̀ ṣì funfun, ẹ fi í sínú ife omi lójú fèrèsé. Bó bá ti ta gbòǹgbò, ẹ gbìn ín síbi tí oòrùn ń dé, kí ẹ sì fún un ní àyè torí ó máa ń bí sí i. Àwọn kan ní ó ń lé ejò. N kò tíì rí ejò tó jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n tútù ni ẹ óò máa já a, ní ìwọ̀n tí ife kan fẹ́.