Omi Ló Kọ́kọ́ Ń Dé: Ìtàn Irin Tí Eegun Gbà Mọ́ra

Ní 1952, ní ìlú Lund lórílẹ̀-èdè Swídìn, Per-Ingvar Brånemark fẹ́ wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú eegun tó ṣì wà láàyè. Ó ki ohun èlò kékeré kan tí wọ́n fi tàítéńíọ́mù ṣe bọ inú eegun ẹsẹ̀ ehoro, ó sì ń gba ojú rẹ̀ wo inú eegun pẹ̀lú máíkírósíkóòpù. Nígbà tó fẹ́ yọ ọ́ kó lè tún un lò, torí pé nǹkan ọ̀hún wọ́n, kò yọ. Eegun ti dì í mú gbágbáágbá. Ẹlòmíràn ì bá kàn bínú, kó lọ ṣe òmíràn. Òun ní tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà gbà nígbà náà ni pé ara kì í gba irin, pé ẹran rírọ̀ ló máa ń yí i ká, tí irin náà á sì máa mì tó bá yá. Ní 1965, ní Gothenburg, Brånemark de ìdè tàítéńíọ́mù mọ́ àgbọ̀n ìsàlẹ̀ Gösta Larsson, ọkùnrin kan tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù àgbọ̀n, kó lè gbé eyín lé e. Larsson kú ní 2006. Àwọn irin náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, ìpàdé kan tó wáyé ní Toronto ní 1982 ló tó jẹ́ kí àwọn dókítà eyín Àríwá Amẹ́ríkà fara mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná. Ojú irin ìgbà yẹn ń dán, bí ẹ̀rọ ṣe gé e náà ni wọ́n ṣe ń lò ó. Aláìsàn gbọ́dọ̀ dúró fún oṣù 3 tó bá jẹ́ àgbọ̀n ìsàlẹ̀, oṣù 6 tó bá jẹ́ tòkè, kí wọ́n tó gbé eyín lé e. Oṣù 6 láìlè jẹ ẹran bó ṣe yẹ! Àwa tí a ń kọ kóòdù mọ irú wàhálà yìí: ètò kan lè pé, ètò kejì lè pé, ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni ìṣòro máa ń sá pamọ́ sí.

Bíríkìlà kì í rẹ́ ògiri tó ń dán. Á kọ́kọ́ sọ ojú ògiri di ṣákaṣàka, á wọ́n omi sí i, kí sìmẹ́ńtì lè dì í mú. Ìmọ̀ nípa irin inú eegun tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà, àmọ́ nǹkan bí ogójì ọdún ló gbà kó tó dé ìdí omi.

Ti ṣákaṣàka ló kọ́kọ́ dé. Ní 1991, Daniel Buser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bern, ní Swítsàlandì, ki irin olójú oríṣi mẹ́fà bọ inú eegun àwọn ẹlẹ́dẹ̀ kéékèèké. Èyí tó ń dán bíi dígí, eegun kan ìdá 20 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún ojú rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi iyanrìn fọ́n, tí wọ́n sì fi ásíìdì jẹ, eegun kan ìdá 50 sí 60. Ọ̀kan ṣoṣo ló borí rẹ̀, èyí tí wọ́n fi èròjà tó jọ ti eegun bò, àmọ́ èròjà náà ti ń yọ́. Láàárín àwọn ọdún yẹn náà, ẹgbẹ́ Barbara Boyan ní Texas rí ohun kan tó yani lẹ́nu: lórí ojú ṣákaṣàka, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń kọ́ eegun kì í pọ̀ sí i kíákíá. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n á tètè dàgbà, wọ́n á sì gbájú mọ́ iṣẹ́ wọn.

Omi wá ńkọ́? Tí irin bá wọ inú eegun, sẹ́ẹ̀lì kọ́ ló kọ́kọ́ ń dé ibẹ̀. Omi inú ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kàn án, pùrótéènì á tẹ̀ lé e, orí pùrótéènì yìí sì ni sẹ́ẹ̀lì máa ń balẹ̀ sí. Irin oníyanrìn àti ásíìdì yẹn rèé, tó bá ti gbẹ, tí ẹ bá kán omi sí i, omi náà á ká jọ bí ìgbà tó bá bọ́ sórí ewé kókò. Afẹ́fẹ́ ló fà á. Tàítéńíọ́mù tuntun fẹ́ràn omi gan-an, ṣùgbọ́n èròjà kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, bí ọ̀rá tí ojú kò lè rí. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sójú irin náà, orí àtẹ lásán ló ń bà á jẹ́ sí.

Ojútùú rẹ̀ kò le: wọ́n fọ irin náà níbi tí afẹ́fẹ́ lásán kò ti lè kàn án, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú omi oníyọ̀ títí di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ní 2004, Buser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé e yẹ̀ wò lára ẹlẹ́dẹ̀. Lọ́sẹ̀ 2, eegun kan ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún ojú irin tó fẹ́ omi, ìdá 29 péré lára èyí tó gbẹ. Lọ́sẹ̀ 4, ó di 82 sí 67. Lọ́sẹ̀ 8, kò sí ìyàtọ̀ mọ́. Ìpolówó ọjà kì í fẹ́ràn gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí, àmọ́ ó wù wá kí ẹ mọ̀ ọ́n. Àkókò ni wọ́n rà. Kì í sì í ṣe àkókò lásán, torí ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ ni irin máa ń tú díẹ̀, kí eegun tuntun tó gbà á mú.

Ojú ṣákaṣàka náà ní ìyà tirẹ̀. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì eegun ti rí ibi dì mú, kòkòrò àrùn náà lè dì í mú níbẹ̀. Bí èrìgì bá fà sẹ́yìn, tí ojú náà hàn síta, ìdọ̀tí á kó sí i, brọ́ọ̀ṣì kò sì ní lè mú un kúrò bọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan lára àwọn tó ń ṣe é fi máa ń fi ọrùn irin náà, ibi tó ti kan èrìgì, sílẹ̀ kó máa dán bíi ti Larsson.