Ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í ṣe àrùn ìdílé



A máa ń gbọ́ ọ ládùúgbò wa pé: "Ikọ́ ẹ̀gbẹ wà nílé wọn, ẹ má fẹ́ ọmọ níbẹ̀." Ẹ jẹ́ ká bi ìtàn léèrè bóyá òótọ́ ni.

Ní 1882, Robert Koch, dókítà ará Jámánì, fi han ayé pé kòkòrò kan ló ń fa ikọ́ yìí. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e: ẹni tó ní i húkọ́, ẹlòmíì fà á símú. Ní 1912, Albert Calmette, ará Faransé, tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Ó rí i pé ikọ́ náà pọ̀ ní èbúté àti ìlú òwò, ó sì ṣọ̀wọ́n ní abúlé tí èrò kì í gbà kọjá. Ọ̀nà tí èèyàn ń rìn ló ń bá lọ. Láyé ìgbà yẹn náà ni ojú irin ń gòkè bọ̀ láti Kútọnù. Ó gba Ṣábẹ̀ẹ́, ó sì dé Párákú ní 1936.

Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n rí wúrà ní Witwatersrand ní 1886. Àwọn tó lọ wà á ń fa eruku òkúta símú, wọ́n sì ń sùn há ara wọn mọ́ yàrá. Nígbà tí àìsàn dé, wọ́n dá wọn padà sí abúlé, ikọ́ sì bá wọn délé.

Kí ló wá dé tó fi ń mú ẹni mẹ́ta nínú ilé kan? Yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń sùn, fèrèsé wà ní títì, oúnjẹ kò sì tó. Ìyàwó tó wá láti ìlú mìíràn náà ń kó o. Ṣé ẹ̀jẹ̀ wọn ni òun náà ni?

Orúkọ burúkú tí a ń fún ìdílé ló ń mú kí aláìsàn fi ikọ́ pamọ́, tí ó fi ń ran àwọn ọmọ. Ikọ́ tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, oṣù mẹ́fà ni a sì sábà máa ń lo oògùn. Ẹni tó bá ń lọ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kó sọ fún ilé ìwòsàn kó tó lọ, kó má bàa já oògùn sílẹ̀.

Ẹ ṣí fèrèsé, kí a sì dẹ́kun fífi ìka tọ́ka sí ilé ẹlòmíì.