Ìbọn Ńlá Àwọn Ọdẹ Erin àti Ṣakabùlà Ọdẹ Wa

Ìfáàrà

Kò sí bí olùkọ́ èdè Yorùbá ṣe lè kọ́ni ní ìjálá tàbí ìtàn ọdẹ tí kò ní dárúkọ ìbọn. Síbẹ̀, bí a bá ń yẹ ìwé ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò, èrò kan a máa yọjú léraléra: pé ṣakabùlà ni àwọn ọdẹ wa ń lò nítorí pé ojú wọn kò tí ì là, àti pé ìbọn ńlá tí òyìnbó fi ń pa erin lágbára ju tiwa lọ nítorí pé ẹnu rẹ̀ tóbi. Àwa olùyẹ̀wò pàápàá a máa fún irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ní máàkì láìbèèrè ẹ̀rí. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtàn kò gbe èrò náà lẹ́yìn. Ohun méjì ni ó ya ìbọn méjèèjì sọ́tọ̀: èkíní ni ẹ̀tù, èkejì ni òfin.

Ẹnu ńlá, ẹ̀tù aláìlágbára

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ka títóbi ẹnu ìbọn. Wọn a mú òjé tí ó wọn pọ́n-ùn kan, wọn a fi rọ ọta róbótó tí ó bá ẹnu ìbọn náà mu. Bí ọta méjìlá bá jáde nínú rẹ̀, ìbọn oní-méjìlá ni. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin péré, oní-mẹ́rin ni. Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni ẹnu ìbọn ń fẹ̀ sí i. Ọta kan ti oní-méjìlá wọn nǹkan bí 38 gíráàmù, ṣùgbọ́n ti oní-mẹ́rin tó 113.

Kí ni ó fà á tí wọ́n fi ṣe irú ẹnu bẹ́ẹ̀? Ẹ̀tù dúdú ni. Ẹ̀tù yìí, irú èyí tí àwọn ọdẹ wa ń kì sínú ṣakabùlà, kò lè lé ọta kọjá ìwọ̀n eré kan. Bí ọdẹ bá ń fẹ́ agbára sí i, àfi kí ó sọ ọta di ńlá. Bí ọta bá sì di ńlá, ẹnu ìbọn gbọ́dọ̀ fẹ̀, ìbọn yóò wúwo, yóò sì máa ta ẹni tí ó yìn ín sẹ́yìn. Èyí ni pé ẹnu ńlá kì í ṣe àmì agbára. Àìlera ẹ̀tù ni ó ń fi hàn.

Ẹ̀rí wà lẹ́nu àwọn ọdẹ òyìnbó fúnra wọn. Ní 1861 sí 1862, Samuel Baker ń ṣọdẹ ní ẹ̀bá àwọn odò tí ó ń ṣàn láti Abisíníà wọ inú Náílì. Ó ní ìbọn kan tí ọta rẹ̀ wọn ààbọ̀ pọ́n-ùn, tí ìbọn náà fúnra rẹ̀ sì wọn ogún pọ́n-ùn. Àwọn Lárúbáwá agbègbè náà sọ ọ́ ní Ọmọ Àgbá. Baker jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù ìbọn náà ń ba òun, nítorí pé bí òun bá ti yìn ín, ṣe ni ó ń fi òun pòyì. Bẹ́ẹ̀ ni ó bá àwọn ọdẹ Hamran níbẹ̀ tí wọ́n ń gun ẹṣin lé erin, tí wọ́n sì ń fi idà gé iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ti Frederick Selous tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1871 ni ó dé gúúsù Áfíríkà, kò sì tí ì pé ọmọ ogún ọdún. Ìbọn oní-mẹ́rin olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n rọ ní Birmingham ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ọdẹ erin. Ẹnu ni a ti ń kì í, inú rẹ̀ sì ń dán gẹ́gẹ́ bí ti ṣakabùlà. Inú àpò awọ ni Selous ń kó ẹ̀tù sí, ọwọ́ ni ó sì fi ń bù ú. Nígbà tí ó dàgbà, ó ní títa tí ìbọn wọ̀nyí ń ta òun ba ìfọ̀kànbalẹ̀ òun jẹ́ nídìí ìbọn yínyìn. Ṣé a ó wá sọ pé ojú Selous kò là?

Ẹ̀tù tuntun

Ní 1884, Paul Vieille, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ẹ̀tù tí kò ní èéfín, tí agbára rẹ̀ sì ju ti ẹ̀tù dúdú lọ fíìfíì. Láti ìgbà náà ni ẹnu ìbọn ọdẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Ní 1898, ilé-iṣẹ́ John Rigby ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù gbé ìbọn .450 Nitro Express jáde. Ọta rẹ̀ wọn nǹkan bí 31 gíráàmù, èyí tí ó fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin ọta oní-mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ó ń sáré tó 2,150 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìbọn yìí jẹ́ ráífù, èyí ni pé a fín inú ihò rẹ̀ yíká kí ọta lè máa pòyì bí ó ti ń lọ, kí ó má baà yà.

W. D. M. Bell (1880–1954) wá fi ìbọn tí ó tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 7, pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú erin tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. A kò ka iye yìí fún ìyìn, nítorí pé irú ìpakúpa bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó sọ erin di ọ̀wọ́n. Àṣírí Bell ni pé ó la orí erin wò títí ó fi mọ ibi tí ọpọlọ wà. A kò sọ pé ìbọn kékeré dára fún erin o. Ní orílẹ̀-èdè mélòó kan, òfin ni ó sọ ìwọ̀n tí ìbọn ẹran ńlá kò gbọdọ̀ kéré sí. Ohun tí a ń sọ ni pé ìmọ̀ ibi tí a ó ta ẹran sí ju títóbi ọta lọ. Èyí kò sì ṣe àjèjì sí ọdẹ wa kankan.

Ọwọ́ òfin

Bí ẹ̀tù tuntun bá ti dé, kí ni ó dá ṣakabùlà dúró lọ́wọ́ ọdẹ wa? Kì í ṣe àìmọ̀. Nínú ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn Èkìtìparapọ̀ ti ń lo Snider àti Martini-Henry, àwọn ráífù tí ẹ̀yìn ni a ti ń kì wọ́n, tí àwọn ènìyàn wọn tí ó wà ní Èkó fi ránṣẹ́ sí wọn. Ìró ìbọn náà ni ó fún ogun yẹn lórúkọ. Àwọn baba wa mọ ráífù, wọ́n rà á, wọ́n sì mọ̀ ọ́n yìn.

Ṣùgbọ́n ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn mìíràn tí wọ́n pé jọ ní Brussels fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan. Ó ka kíkó ráífù wọlé léèwọ̀ láti ìlà ìbú 20 ní àríwá Áfíríkà dé ìlà ìbú 22 ní gúúsù, ilẹ̀ Yorùbá sì wà láàárín. Ìbọn olókùúta ìṣáná tí inú rẹ̀ ń dán àti ẹ̀tù lásán ni ó fi àyè sílẹ̀ fún láti máa tà. Arìnrìn-àjò tí ìjọba rẹ̀ bá kọ ìwé fún lè gbé ráífù tirẹ̀ kọjá. Nípa báyìí, ráífù di ti òyìnbó, ṣakabùlà sì di ti ọdẹ wa.

Ìbẹ̀rù tí ó wà nídìí òfin bẹ́ẹ̀ hàn kedere ní ibòmíràn. Ní nǹkan bí 1907, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ka ìbọn ọdẹ .450 léèwọ̀ ní Íńdíà àti Sùdáànù, kí ọta rẹ̀ má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí ó ní Martini-Henry, tí ihò rẹ̀ jẹ́ .450 bákan náà. Nítorí èyí ni àwọn aláṣejáde ìbọn ṣe sáré ṣe .465 àti .470. Òfin Ìbọn ti Nàìjíríà, ti 1959, sì tún ya ìbọn tí ẹnu ni a ti ń kì í sí ìsọ̀rí tirẹ̀, ó ya ráífù ọdẹ sí òmíràn.

Ìkádìí

Nígbà tí Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, ó ti tó ọdún 48 tí wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn Brussels. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bá ṣakabùlà pàdé nínú ìwé tàbí nínú ìjálá, kí a kọ́ ọ láti béèrè pé: ta ni ó pinnu pé irú ìbọn yìí ni ọdẹ yóò máa lò? Àwa olùyẹ̀wò náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a tún máa fún ẹni tí ó bá kọ pé àìlajú ni ó fà á ní máàkì. Àwọn àgbà ní bí a bá rí erin, kí a gbà pé a rí erin. Òfin ni a rí nínú ìtàn yìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a pè é ní àìmọ̀kan àwọn baba wa.