Ariwo Inú Etí

Ariwo inú etí ni ìró tí ènìyàn ń gbọ́ nígbà tí ohunkóhun kò dún nítòsí rẹ̀. Ó lè máa hó yee, kó máa súfèé tàbí kó máa kùn bí oyin. Lóru tí ilé bá parọ́rọ́ ni ó máa ń pọ̀ jù. Ariwo líle ẹ̀rọ ìlọta, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn máa ń ba irun tíntìntín inú etí jẹ́, wọn kì í sì í hù padà. Ọjọ́ ogbó, ìdọ̀tí etí tó dí àti oògùn bíi kuníìnì náà lè fa ariwo inú etí.

Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sí oògùn tó ń mú un kúrò pátápátá. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ìró jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bíi ti fáànù nígbà oorun, àti ìtọ́sọ́nà onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá máa ń dín ìnira rẹ̀ kù.

Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà nímọ̀ràn pé kí ìró dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 80 má kọjá wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ibi ariwo máa lo ìdítí. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ki igi ìṣáná tàbí ìyẹ́ adìẹ bọ etí. Bí etí bá ṣàdédé di, tàbí tí ìró náà ń bá ìlùkìkì ọkàn rìn, dókítà etí ni kí a tètè rí.