Asa, oníṣègùn àti àwọn onígbàgbọ́ Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹsẹ̀ ń dun Asa ọba Júdà. Àwọn oníṣègùn ló tọ̀ lọ, kò tọ Ọlọ́run lọ, nígbà tó sì yá ó kú. Ẹni tó bá ka ẹsẹ 12 àti 13 nínú Kíróníkà Kejì orí 16, tó wá pa ìwé dé, yóò gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni oògùn. Ọ̀rọ̀ oògùn àti ìgbàgbọ́ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn ti 1892 ni ẹ̀sìn Kírísítì ráyè wọ Ìjẹ̀bú dáadáa. Bíbélì Yorùbá, tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí odindi rẹ̀ ní 1884, ti wà nílẹ̀ dè wọ́n. Ẹni tó bá mọ̀wé kà kò ní dúró de àlùfáà. Nígbà tó fi di 1918, àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde ti ń kóra jọ fún àdúrà, Joseph Ṣàdáre sì ni aṣáájú wọn. Ọdún náà gan-an ni àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú gba ojú òkun wọ Èkó, tó sì ràn kálẹ̀. Oògùn òyìnbó kò ràn án, tìbílẹ̀ kò ràn án. Sophia Ọdúnlámì, ọ̀dọ́bìnrin tó jẹ́ tíṣà, ní òun gbọ́ ohùn pé omi òjò ni kí àwọn aláìsàn lò. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ àdúrà yìí, tí wọ́n ń pè ní Òkúta Iyebíye, ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀. N ò lè bá wọn wí: ẹni tí wọ́n ń sìnkú lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ kò ní ṣe kó má di ìlérí ìwòsàn mú.

Àdúrà nìkan, láìlo oògùn, ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fún ìwòsàn. Wọn kò sì fara mọ́ ìtẹ̀bọmi ọmọ ọwọ́. Bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà, Melville Jones, kò gbà, wọ́n sì kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà ní 1922. Ìwé ìròyìn ìjọ Faith Tabernacle láti Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ti ń dé ọwọ́ David Odùbánjọ, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ ìjọ Faith Tabernacle yìí. Ní 1930, ìsọjí oníwàásù Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn ní Òkè-Ooye, Iléṣà. Àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Apostolic Church dé bá wọn láti Bìrìtìkó ní 1931. Àṣé àwọn òyìnbó yẹn ń lo kuiníìnì sí ibà! Ìyẹn wà lára ohun tó fa ìyapa láàárín wọn ní 1939 sí 1941, èyí tó bí ìjọ Christ Apostolic Church.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Asa. Nígbà tí Baaṣa ọba Ísírẹ́lì dìde sí i, Asa kó fàdákà àti wúrà inú tẹ́ḿpìlì fún Benhadadi ọba Síríà pé kó wá gba òun. Wòlíì Hanani bá a wí. Asa jù ú sẹ́wọ̀n. Lẹ́yìn èyí ni àìsàn ẹsẹ̀ dé. Gbogbo orí náà ń sọ ti ọba tó kọ̀ láti padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run, àní nígbà tí ẹsẹ̀ ń jẹ ẹ́. Oníṣègùn kọ́ ni ẹjọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n fi tú ẹsẹ náà tún dá kún àṣìlóye yìí. Oníṣègùn ni Bíbélì wa pe àwọn tí Asa tọ̀ lọ. Onígbàgbọ́ tuntun tí wọ́n ti kọ́ pé kó jìnnà sí adáhunṣe lè tètè gbà pé àwọn adáhunṣe ni Bíbélì ń bá wí. Ṣùgbọ́n oníṣègùn yìí kan náà ni Pọ́ọ̀lù pe Lúùkù nínú Kólósè 4:14, tìfẹ́tìfẹ́. Àìsáyà pàápàá, lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti ṣèlérí ìwòsàn fún Hesekáyà, ló ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lẹ eéwo rẹ̀.

Jákọ́bù 5:14, tó sọ nípa òróró àti àdúrà àwọn àgbà ìjọ, kò dárúkọ oògùn fún rere tàbí fún ibi. Bẹ́ẹ̀, òróró pẹ̀lú wáìnì ni ará Samáríà inú Lúùkù 10 dà sójú ọgbẹ́ ọkùnrin tí àwọn ọlọ́ṣà lù.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìtàn Asa láti orí 16. Orí 14 ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tó ti ké pe Ọlọ́run tó sì ṣẹ́gun.